Níbi Tí Ọkọ̀ Ti Ń Gun Èèyàn

Bí ẹ bá wọ mọ́tò l'Ókìtìpupa, tí ẹ ní Igbókọ̀dà lẹ̀ ń lọ, ìbéèrè méjì ni ẹni tó jókòó tì yín lè bi yín: "Kí lẹ fẹ́ lọ rà?" tàbí "Ta lẹ fẹ́ lọ kí?" Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé irú eré wo lẹ fẹ́ lọ ṣe lórí omi. Lọ́dọ̀ àwa ará Ìkálẹ̀ àti àwọn ará Ìlàjẹ tá a jọ múlé gbè ara wa, omi kì í ṣe ibi eré. Ọ̀nà ni, oko ni, ọjà ni. Ẹja tútù, ẹja gbígbẹ, edé, igi gẹdú, orí omi ni gbogbo wọn ń gbà. Ọmọ tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lọ sílé ìwé ní abúlé etí omi kò ka ọkọ̀ títù sí fàájì, bí ọmọ Ìbàdàn kò ṣe ka máíkírà wíwọ̀ sí ìgbafẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká ní ọmọ Òkìtìpupa kan ń gbé ní Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wa mọ́tò fún bíi wákàtí mẹ́rin lọ síhà àríwá, ó háyà ọkọ̀ àjẹ̀, ó ń tù ú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń sùn nínú àgọ́, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́. Ó wá fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé pé ìgbádùn lòun wà. Ìyá rẹ̀ á wo fọ́tò náà títí, á ní: "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Àbí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Ìyá kò jẹ̀bi. Ó rí àjẹ̀, ó rí ẹrù, ó rí òógùn. Iṣẹ́ ló rí. Ohun tí fọ́tò náà kò lè sọ fún un ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, ìdí rẹ̀ sì ni pé ohun tó mọ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí kò mọ̀ lọ.

Ibi tí ọmọ rẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní Boundary Waters Canoe Area Wilderness. Ó wà níbi tí Minnesota ti bá Kánádà pààlà. Ilẹ̀ àti omi rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan ékà, adágún tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 1,000. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí ilé ìtura. Láti 1949 ni Ààrẹ Truman ti pàṣẹ pé bàlúù kò gbọdọ̀ máa fò nílẹ̀ nílẹ̀ kọjá lórí igbó náà. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì pàápàá, adágún díẹ̀ ni wọ́n ti gbà á láyè. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ely ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń múra: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń háyà ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ. Ohun tí Igbókọ̀dà jẹ́ fún ẹni tó ń lọ sí Ayétòrò ni Ely jẹ́ fún ẹni tó ń lọ sínú adágún wọ̀nyẹn. Ohun tí ẹ bá gbàgbé síbẹ̀, ẹ ò tún ní rí i rà mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yàtọ̀ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi tiwa, omi kan náà ni. Odò Olúwa ń bọ̀ láti òkè, ó kọjá ní Agbábu, ó kọjá lẹ́bàá Òkìtìpupa, ó dé Igbókọ̀dà, ó sì wọ inú ọ̀sà. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè gba ojú ọ̀sà àti àwọn ẹ̀ka omi dé Èkó láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú, ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ omi, omi náà sì ń rọra lọ láàárín igi ògùrọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ wa fi rí bó ṣe rí. Odidi igi ni agbẹ́kọ̀ ń gbẹ́. Ó wúwo, ó sì lálòpẹ́. Okùnrin mẹ́rin lè má lè gbé e nílẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ gbé e lọ? Ibi tí omi bá parí sí, a ó so ọkọ̀ mọ́ igi, a ó gbé ẹrù karí, a ó máa fẹsẹ̀ rìn lọ.

Àpáta ni ìhà Minnesota yẹn. Láyé ìgbà tí yìnyín bo gbogbo agbègbè náà, yìnyín tó ga bí òkè ń wọ́ lórí àpáta, ó ń họ ọ́, ó ń gbẹ́ kòtò sí i lára. Nígbà tó yọ́ tán, omi dúró sínú àwọn kòtò wọ̀nyẹn, wọ́n sì di adágún. Ọ̀kan wà níhìn-ín, òmíràn wà lọ́hùn-ún, igbó àti àpáta ló là wọ́n láàárín. Bí odò bá tiẹ̀ so méjì pọ̀, omi rẹ̀ lè máa já lu òkúta débi tí ọkọ̀ kò ní lè là á já. Kí lèèyàn á wá ṣe? Á gúnlẹ̀, á ru ọkọ̀ rẹ̀, á rìn dé adágún kejì, á sọ̀ ọ́ sómi, á tún máa tù ú lọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ará Ìkálẹ̀ kò bá pàdé rí nìyí: níbi tí ọkọ̀ ti ń gun èèyàn.

Wọn kì í fi òṣùká rù ú. Kevlar, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó fúyẹ́ jù nínú àwọn ọkọ̀ yìí, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju bíi kílò 20 lọ. Èyí tí wọ́n fi páànù ṣe lè lé ní kílò 30. Igi kan dábùú àárín ọkọ̀, wọ́n gbẹ́ àyè ọrùn sí i, wọ́n fi tìmùtìmù kékeré méjì sí ọ̀tún àti òsì àyè náà. Àjàgà gan-an ni. Ẹni tó fẹ́ rù ú á dúró tì í nínú omi tó mù ún dé orúnkún, á fà á wá sórí itan, á na ọwọ́ di etí rẹ̀ ti ọ̀hún mú, á fi ìbàdí tì í sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì dojú rẹ̀ dé orí, títí tìmùtìmù méjèèjì yóò fi bà lé e léjìká. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní rí orí rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó hu ẹsẹ̀ méjì lẹ máa rí, tó ń gun òkè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi máìlì wọn ọ̀nà yìí. Rod ni wọ́n ń kà, ọ̀kan sì tó mítà márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó jẹ́ rod 10, ẹ ò tíì mí kanlẹ̀ tẹ́ ẹ fi máa dé. Èyí tó bá lé ní 300, ẹ máa sọ ẹrù kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó parí rẹ̀.

Àwọn Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló kọ́ àwọn àlejò ní gbogbo èyí. Èèpo igi birch ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ tiwọn. Gbòǹgbò igi ni wọ́n fi ń rán an, oje igi ni wọ́n sì fi ń dí ojú rírán kí omi má baà wọlé. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò awọ ẹranko láti Kánádà rí, tí wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ òwò wọn. Alágbàṣe tó ń tukọ̀ fún wọn ni wọ́n ń pè ní voyageur. Ìdì ẹrù méjì ló gbọ́dọ̀ rù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó kílò 40. Awọ gbọọrọ kan ló fi ń kọ́ iwájú orí, tí ẹrù á wá rọ̀ sórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Grand Portage, létí adágún Superior, ọ̀nà tí wọ́n ń ru ẹrù gbà lé ní kìlómítà 13.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì l'Óde-Aye. Nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá dí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá, ọ̀nà mìíràn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó wá fún òwò. Gómìnà Glover ló ṣagbátẹrù rẹ̀, ní 1872 sì ni Kápítéènì Goldsworthy lọ sí Oǹdó láti bá wọn tún ọ̀nà náà là. Ojú ọ̀sà ni ẹrù máa ń gbà láti Èkó. Bó bá ti dé èbúté, orí èèyàn ló kàn: wọ́n á rù ú la ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá, láti Òde-Aye títí dé Oǹdó. Omi ní ìbẹ̀rẹ̀, igbó láàárín, ẹrù lórí ní gbogbo ọ̀nà. Àárín orí ni àwọn baba wa ń fi òṣùká sí. Iwájú orí ni àwọn voyageur ń fi awọ kọ́. Ọrùn ló sì ń dun àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ àná ni eré òní, ìyá sì ríran dáadáa nígbà tó ní iṣẹ́ lòún rí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sí olówó ẹrù tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ ní èbúté. Bí òjò bá rọ̀, á wà nínú àgọ́. Bí adágún kan bá wù ú, á sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹja tó máa bà jẹ́ bó bá pẹ́, kò sí ọjà tó máa tú kó tó dé. Bí ẹ bá yọ gbèsè àti ìkánjú kúrò lára iṣẹ́, ohun tó kù ni àwọn èèyàn yẹn ń sanwó fún.

Ẹ jẹ́ ká yẹ inú àpò oúnjẹ wò, nítorí ibẹ̀ ni ará Ìkálẹ̀ ti máa tayọ. Láti 1971 ni òfin Boundary Waters ti kọ agolo àti ìgò oúnjẹ tàbí ohun mímu. Ẹ ò lè gbé tòmátò alágolo wọlé, ẹ ò lè gbé bíà onígò wọlé. Ohun tí ẹ bá máa jẹ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó gbẹ, kó má tètè bà jẹ́. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe púpurú? A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí tó fi máa rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó fi ọwọ́ mọ ọ́n rìbìtì rìbìtì, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á funfun. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha dúdú náà kúrò, a ó lọ̀ ọ́, a ó kù ú, a ó sì rò ó sínú omi gbígbóná. Oúnjẹ èèyàn tó ń lọ sí ìrìn àjò omi ni láti ilẹ̀ wá. Ẹ fi gààrí àti ẹja gbígbẹ tì í, ẹ ti ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní agolo kankan nínú. Ohun kan péré ló kù láti ṣọ́: béárì dúdú wà nínú igbó yẹn, òórùn ẹja gbígbẹ kì í sì í pẹ́ dé imú rẹ̀. Òfin ní kí oúnjẹ wà nínú àpótí tí béárì kò lè ṣí, tàbí kí wọ́n fi okùn so ó kọ́ sókè.

Ojibwe náà ní oúnjẹ tiwọn lórí omi. Ìrẹsì kan ń hù fúnra rẹ̀ nínú adágún tí omi rẹ̀ kò jìn. Manoomin ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó bá gbó ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, ẹni méjì ló máa ń wọ inú ọkọ̀. Ẹnì kan á dúró, á fi ọ̀pá gbọọrọ ti ọkọ̀ lọ láàárín ìrẹsì. Ẹnì kejì á jókòó, á fi igi kan tẹ àwọn ìrẹsì náà ba sórí ọkọ̀, á sì fi èkejì gbá wọn jẹ́jẹ́. Èyí tó gbó á ré sínú ọkọ̀. Èyí tí kò gbó á dúró de ọjọ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ á sì bọ́ sómi láti di irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Minnesota tiẹ̀ sọ bí igi náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn mọ: íńṣì 30, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti rí obìnrin Ìlàjẹ tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ láàárín ojú oró, tó ń yẹ ìgèrè rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní wo àwọn méjì yìí bí àjèjì.

Òtútù ni ohun tí ará Ìkálẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ láti ìpilẹ̀. Àwa mọ ewu kùkùté abẹ́ omi, a mọ ewu ìjì àti ti ọkọ̀ tó kún jù. A máa ń rò pé ẹni tó bá mọ̀wẹ̀ ti bọ́. Níbẹ̀, gbogbo adágún ló máa ń dì nígbà òtútù débi tí mọ́tò lè gun orí rẹ̀. Ìparí oṣù kẹrin tàbí inú oṣù karùn-ún ni yìnyín ń tó kúrò. Bí oòrùn bá ràn lóṣù karùn-ún, tí ojú ọjọ́ móoru, omi abẹ́ ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a bù jáde nínú fíríìjì. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, èémí á gé lójijì, èèyàn á mí kanlẹ̀ láìfẹ́, bí ẹnu bá sì wà nínú omi nígbà náà, omi ló máa fà sínú. Ká tiẹ̀ ní ìyẹn kò ṣẹlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, apá á kú, ọwọ́ ò ní lè di okùn mú mọ́. Ìmọ̀wẹ̀ kò ran èyí. Láífù jákẹ́ẹ̀tì tó ti wà lọ́rùn tẹ́lẹ̀ ló lè ràn án. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń háyà ọkọ̀ fún èèyàn kì í fi í ṣeré lórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ NIWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi Nàìjíríà náà kò yé kìlọ̀ rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ṣì ń fi jókòó ni.

Kò tán síbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí ẹni tó bá ti lówó lè rọ́ wọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún títí di òpin oṣù kẹsàn-án, iye ẹgbẹ́ tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wọlé lójúmọ́ ní gbèdéke. Ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ọkọ̀ mẹ́rin lọ. Ojúkò àgọ́ lé ní 2,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irin ìdáná àti ṣáláńgá tirẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ pàgọ́ síbi tí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú wọn. Igi tó ti kú, tó ti wó sílẹ̀, nìkan lẹ lè fi dáná. Ẹni tó bá ti lọ sí ojúde ayẹyẹ wa, tó mọ bí ariwo ẹ̀rọ ṣe ń lọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, á yà á lẹ́nu pé owó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń san.

Òfin yìí kò bọ́ látọ̀run, ìjà ló bí i. Ní 1964, wọ́n fi ibẹ̀ sábẹ́ òfin ìdáàbòbò igbó, ṣùgbọ́n àlàfo pọ̀ nínú rẹ̀: gẹdú gígé ń lọ, ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ń lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dí àlàfo náà, inú bí ọ̀pọ̀ ará Ely. Ẹ́ńjìnnì ni àwọn kan fi ń jẹun, gẹdú ni àwọn mìíràn fi ń tọ́ ọmọ. Ní 1977, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ wọn nílùú náà, wọ́n so ère òǹkọ̀wé Sigurd Olson rọ̀ bí ẹni tí wọ́n pokùn sí lọ́rùn. Ará Ely ni Olson náà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí igbó náà wà bó ṣe wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Carter buwọ́ lu òfin tuntun. Ìbínú náà kò tán lọ́kàn àwọn kan títí dòní.

Àwọn Ojibwe ní tiwọn ti ní àdéhùn látọdún 1854. Wọ́n gbé ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀tọ́ ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti ìkórè lórí ilẹ̀ náà mú. Ìwé yẹn ni àwọn ọmọ wọn ń gbé síwájú adájọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lé wọn lórí omi.

Ìjà mìíràn tún wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí etí Agbábu yóò gbọ́ dáadáa. Kọ́pà àti níkẹ́lì wà nínú ilẹ̀ nítòsí Ely, àwọn kan fẹ́ wà á, àwọn mìíràn ní ìdọ̀tí rẹ̀ á ṣàn wọ adágún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé wọn kò ní yọ̀ǹda ìwakùsà tuntun lórí ilẹ̀ tó lé ní 225,000 ékà fún ogún ọdún, àríyànjiyàn sì tún ń bá a lọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa náà ní bítúmẹ́ẹ̀nì l'Ágbábu, lẹ́bàá odò Olúwa kan náà tó ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá a. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú eré lórí Olúwa lápá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i lápá òkè.

Olúwa lè di ibi ìgbafẹ́. Omi wà, ọkọ̀ wà, àwọn tó mọ ọkọ̀ í tù ju ẹnikẹ́ni lọ sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà l'Ókìtìpupa tí kò tíì di àjẹ̀ mú rí. Ohun tí a nílò láti bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀: láífù jákẹ́ẹ̀tì tó kárí, àtẹ̀gùn tó dára níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, àti ìwé kan létí omi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó jáde sí àti wákàtí tó yẹ kó padà. Ilé ìtura lè dúró ná. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gé ìwé àṣẹ fún àlejò, àwọn tí ìwọ̀ àti àwọ̀n wọn ti wà nínú omi tipẹ́ ni ká kọ́kọ́ bá jókòó. Àwọn ni kí wọ́n sọ ibi tí ọkọ̀ àlejò lè gbà àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé, àwọn ni kó máa mú àlejò lọ, kí owó rẹ̀ sì kọ́kọ́ gba ọwọ́ wọn kọjá. Ìjà ni Ely fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìpàdé kan ní gbọ̀ngàn ìlú tó fún àwa láti fi kọ́ ọ.